Dísíìkì Ò Tíì Kún, Kí Ló Dé Tí Kọ̀ǹpútà Ń Sọ Pé Kóòtà Ti Tán? Ìdáhùn Sáwọn Ìbéèrè Yín

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ kóòtà dísíìkì (ìyẹn ààlà tí wọ́n fi sí ohun tẹ́nì kọ̀ọ̀kan lè kó sórí dísíìkì) lọ́tẹ̀ yìí pọ̀ gan-an, tàwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń pín sáfà Linux lò, tàwọn tó ń bójú tó sáfà níbi iṣẹ́, mo wá ní kó kúkú jẹ́ òun nìkan la máa sọ lónìí. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, gbólóhùn kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú torí ibẹ̀ ni ìdáhùn tó pọ̀ jù á máa padà sí: kóòtà kì í wo fóódà tí fáìlì wà, ẹni tó ni fáìlì ló ń wò. Ẹni tí èyí bá yé dáadáa, ìdajì wàhálà rẹ̀ ti fò lọ.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, a jọ ń lo sáfà Linux kan ni ní ẹ̀ka wa. Láti ìjẹta ni mi ò ti lè fi nǹkan kan pamọ́ mọ́, "Disk quota exceeded" ló ń sọ ṣáá. Mo tẹ df, ó ní dísíìkì yẹn ò tíì lò dé ìdajì. Mo tún tẹ du -sh nínú home mi (fóódà tó jẹ́ tèmi), 3.1 GB péré ló bá níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ 5 GB ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Èwo ni ká gbà gbọ́ nínú wọn sà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kò sí irọ́ lẹ́nu ìkankan nínú wọn, ohun tí kálukú ń kà ni ò dọ́gba. df ń wo dísíìkì lápapọ̀ ni, kò bèèrè pé ta ló ni kí. du ń ka ohun tó wà nínú fóódà tí o bá nà sí i, ó parí. Kóòtà ní tiẹ̀ ń ro gbogbo fáìlì tó bá ti gbé nọ́ńbà àkáǹtì rẹ, ìyẹn UID, pọ̀ mọ́ra, níbikíbi tí ì báà wà lórí filesystem yẹn (apá dísíìkì tí wọ́n ṣètò fún kíkó fáìlì sí), kódà kó jẹ́ inú fóódà ẹlòmíì.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kó o ka ohun tí ẹ̀rọ sọ dáadáa, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń pa méjì pọ̀ mọ́ra wọn. Tó bá ní "No space left on device", dísíìkì fúnra rẹ̀ ló kún, gbogbo yín ló kàn. Tó bá ní "Disk quota exceeded", ìwọ nìkan ló kàn, tàbí gúrúùpù rẹ. Lórí Linux, nọ́ńbà àṣìṣe àkọ́kọ́ yẹn ni 28, ti ìkejì ni 122, nígbà míì nọ́ńbà yẹn nìkan ni wàá rí nínú log (fáìlì tí prógíráàmù ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí), torí náà fi wọ́n sọ́kàn.

Lẹ́yìn ìyẹn, tẹ quota -s. Ó lè rí báyìí:

```
Filesystem   space   quota   limit   grace   files   quota   limit   grace
/dev/sdb1   6144M*   5120M   6144M   4days    8120       0       0
```

Wo àmì ìràwọ̀ tó wà lára 6144M yẹn, òun ló ń sọ pé o ti kọjá ààlà. Nọ́ńbà tó ṣáájú ni ohun tó o ti lò, èyí tó tẹ̀ lé e ni soft limit, ìyẹn 5 GB tí wọ́n sọ fún yín, ẹ̀kẹta ni hard limit, ibẹ̀ lògiri, o ò lè kọjá ẹ̀. 4days ni ọjọ́ tó kù fún ẹ láti padà sábẹ́ soft, mo ṣì máa sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn nísàlẹ̀. Òdo méjì tó wà lápá ọ̀tún, ohun tó túmọ̀ sí ni pé wọn ò fi ààlà kankan sí iye fáìlì tó o lè ní.

Tó bá jẹ́ pé bó ṣe rí nìyẹn, a jẹ́ pé 3.1 GB wà nínú home rẹ, nǹkan bíi 3 GB míì sì wà níbì kan tó ń jẹ́ orúkọ rẹ. Wá a báyìí:

```
find /home -xdev -user $USER -not -path "$HOME/*" -size +20M -ls 2>/dev/null
```

-xdev yẹn ló máa jẹ́ kó dúró sórí filesystem kan ṣoṣo, torí fáìlì tó wà lórí filesystem míì ò sí nínú ìṣirò yìí. Ibi tí wọ́n sábà máa ń wà ni fóódà iṣẹ́ àjọṣe, níbi tí ẹ jọ ń kó dátà sí, ẹni tó bá da fáìlì síbẹ̀ ni kóòtà ń bá wí, kì í ṣe ẹni tó ni fóódà. Tí /tmp tàbí ibi tí lẹ́tà imèèlì ń balẹ̀ sí bá wà lórí dísíìkì kan náà, wọ́n wà nínú ìṣirò náà, kàn yí /home tó wà nínú kọmáńdì yẹn padà sí ibi tí wọ́n so filesystem yẹn mọ́. Àwọn fóódà tí wọn ò fún ẹ láyè láti wọ̀, find ò ní lè wò ó fún ẹ, bẹ admin yín (ẹni tó ń bójú tó sáfà) kó bá ẹ tẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bíi root, ìyẹn àkáǹtì ọ̀gá tó láṣẹ lórí ohun gbogbo.

Tí find ò bá rí nǹkan kan, ìyẹn ló máa ń rú èèyàn lójú jù, àwọn fáìlì tó o ti pa rẹ́ ni kó o fura sí. Lórí Unix, tó o bá rm fáìlì tí prógíráàmù kan ṣì ṣí sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló kúrò lójú, ààyè tó gbà ò tíì kúrò, kóòtà sì ń kà á lọ títí prógíráàmù yẹn fi máa tì í. Ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tó ń kọ log gọbọi láti ọjọ́ yìí, tó wá lọ pa log yẹn rẹ́ torí ó tóbi jù, bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Tẹ èyí:

```
lsof -a -u $USER +L1
```

Ó máa tò wọ́n jáde fún ẹ pẹ̀lú nọ́ńbà prógíráàmù tó di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú. Dá prógíráàmù yẹn dúró, ààyè rẹ á padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ohun kan ṣì kù tí mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ gidi gan-an lé lórí. Níwọ̀n ìgbà tó o bá ṣì wà lórí hard limit, má ṣí fáìlì iṣẹ́ rẹ tó ṣe kókó kó o máa ṣàtúnṣe sí i. Àwọn editor kan wà tó jẹ́ pé wọ́n á kọ́kọ́ sọ fáìlì àtijọ́ dòfo kí wọ́n tó kọ tuntun lé e, tí kóòtà bá wá kọ̀ fún wọn láàárín méjì yẹn, fáìlì tí ò ní nǹkan kan nínú ni wàá bá nílẹ̀, iṣẹ́ oṣù mélòó kan lè bá bẹ́ẹ̀ lọ. Tó o bá ti ṣí i, má tíì tì í, fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sórí filesystem míì ná, tẹ df /tmp kó o rí i pé ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti home rẹ, lẹ́yìn náà kó o wá lọ tún ilé ṣe.

Ìbéèrè: Páswọ́ọ̀dù mi ò yí padà, ó dá mi lójú. Tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, ojú kọ̀ǹpútà á ṣókùnkùn díẹ̀, á tún dá mi padà síbi tí mo ti ń tẹ páswọ́ọ̀dù. Àwọn ẹlòmíì ń wọlé sórí ẹ̀rọ yẹn kan náà, wọn ò níṣòro kankan. Ṣé àkáǹtì mi ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́ o, ẹ fọkàn balẹ̀. Tí ẹ bá ń wọlé sórí desktop, àwọn fáìlì pẹ́pẹ̀pẹ́ kan wà tó gbọ́dọ̀ kọ sínú home yín, bíi .Xauthority àti .ICEauthority, tí àkáǹtì bá ti kan hard limit, kò ní rí wọn kọ, á wá kú lọ́nà. Kò tiẹ̀ ní sọ ohun tó ń ṣe é fún yín, ohun tó jẹ́ kó ká mi lára nìyẹn torí ọ̀pọ̀ ló ti lọ ń yí páswọ́ọ̀dù padà lásán.

Ẹ tẹ Ctrl+Alt+F3, ojú dúdú tó ní ọ̀rọ̀ lásán ló máa jáde, ẹ wọlé síbẹ̀, kò nílò àwọn fáìlì yẹn. ssh (wíwọlé láti orí kọ̀ǹpútà míì) náà á gbà yín. Ẹ tẹ quota -s kó dá yín lójú, kẹ́ ẹ wá wo bí ibi méjì yìí ṣe tóbi tó:

```
du -xsh ~/.cache ~/.local/share/Trash
```

Àwọn prógíráàmù tún lè dá ohun tó wà nínú .cache ṣe tí ẹ bá pa á rẹ́. Trash ní tiẹ̀, ohun tí ẹ rò pé ẹ ti pa rẹ́ láti oríi desktop ló kún ibẹ̀, wọ́n ṣì ń jẹ́ orúkọ yín, ààyè ò tíì yọ. Bákan náà, kíkó fáìlì láti fóódà kan lọ sí òmíì lórí dísíìkì kan náà ò dín nǹkan kan kù, ẹ̀yin náà lẹ ṣì ni ín. rm ló ń dín in kù, tàbí kẹ́ ẹ kó o lọ sórí dísíìkì míì pátápátá.

Ìbéèrè: Mo ní àkáǹtì lórí sáfà kan tí mo gbé wẹ́bùsáìtì mi sí. 20 GB ni wọ́n fún mi, 7 GB ni mo tíì lò. Síbẹ̀, fáìlì tí ò tó nǹkan, kò gbà á, ó ní kóòtà ti kọjá. Mo ti bá àwọn tó ni sáfà sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n sanwó kún owó mi.

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sanwó o. Ẹ tẹ quota -s, lọ́tẹ̀ yìí apá ọ̀tún ni kẹ́ ẹ wò, lábẹ́ files. Ó ṣeé ṣe kí ìràwọ̀ yẹn wà níbẹ̀, kí apá òsì mọ́ tónítóní. Kóòtà méjì ni wọ́n ń fún èèyàn: ti bí fáìlì ṣe tóbi tó, àti ti iye fáìlì. Gbogbo fáìlì, gbogbo fóódà, gbogbo symlink (ìtọ́ka sí fáìlì míì), inode kan (àkọsílẹ̀ tí filesystem fi ń mọ fáìlì) ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà, fáìlì tó jẹ́ báìtì mẹ́wàá àti fíìmù odindi, bákan náà ni wọ́n rí níbi ìkà yìí. Hard link nìkan ni ò ń fi kún un, torí inode kan náà ni orúkọ méjèèjì jọ ń lò.

Láti mọ ibi tí wọ́n kóra jọ sí:

```
du --inodes -x -d 2 ~ | sort -n | tail
```

--inodes yẹn wà nínú du ti GNU, èyí tó máa ń bá Linux wá. Tí sáfà yín bá jẹ́ BSD (ètò míì tó jọ Linux), ẹ wọ inú fóódà tẹ́ ẹ fura sí, kẹ́ ẹ tẹ find . -xdev | wc -l, ẹ máa ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ohun tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó wò ó. Ó lè jẹ́ fáìlì session PHP tí ẹnikẹ́ni ò pa rẹ́ láti ọjọ́ tí wẹ́bùsáìtì ti bẹ̀rẹ̀, tàbí cache tí plugin kan ń dá sílẹ̀ fún gbogbo ojú ìwé, tàbí node_modules tí wọ́n gbé gòkè odindi, tàbí àpótí imèèlì Maildir níbi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti jẹ́ fáìlì kan, pàápàá fóódà spam tí ẹ ò ṣí rí. Tí ẹ bá fẹ́ pa wọ́n rẹ́ tẹ́ ẹ tẹ rm *, ó lè ní "Argument list too long", torí orúkọ wọn pọ̀ ju ohun tí kọmáńdì kan lè gbé lọ. find ni kẹ́ ẹ lò, ẹ fi -print wò ó ná, tí ohun tó tò jáde bá tẹ́ yín lọ́rùn, kẹ́ ẹ wá pààrọ̀ ẹ̀ sí -delete:

```
find ~/tmp/sessions -type f -mtime +7 -print
```

Ohun tí inú mi ò dùn sí nínú èsì tí wọ́n fún yín ni pé tẹ́ ẹ bá sanwó tí wọ́n sọ 20 GB di 40 GB, ó ṣeé ṣe kí iye fáìlì má yí padà rárá, iṣòro yẹn á wà níbẹ̀ ní gbọningbọnin. Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n sọ fún yín iye inode tí wọ́n fún yín kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Ìbéèrè: Títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo ṣì ń fi fáìlì pamọ́ dáadáa. Mi ò fi nǹkan ńlá kan kún un, ó kàn dédé kọ̀ lónìí ni. Admin wa búra pé òun ò fọwọ́ kan àkáǹtì mi. Ta ló yí i padà?

Ìdáhùn: Kò sẹ́ni tó yí i padà, àsìkò yín ló pé. Bí wọ́n ṣe ṣètò ẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá kọjá soft limit, ẹ̀rọ ò ní dá yín dúró, á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́, tí ọjọ́ bá sì pé tẹ́ ò tíì padà sísàlẹ̀, soft yẹn náà á di ògiri bíi hard. Lórí Linux, tí admin ò bá yí i padà, ọjọ́ méje ni. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ grace sí nínú quota -s, "none" ló máa wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé ọjọ́ ti tán.

Ètò yìí ti pẹ́ o. Robert Elz, ní Yunifásítì Melbourne, ló kọ kóòtà tó bá 4.2BSD jáde ní 1983, ìyẹn ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé títí dòní, soft, hard, àti ìyọ̀ǹda díẹ̀ láàárín wọn. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n tó wà nínú ẹ̀ gidigidi, torí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ńlá kan lálẹ́ lè kọjá ààlà díẹ̀, kó parí iṣẹ́, kó wá tún ilé ṣe lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó máa já iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ibi tó ti ń dun èèyàn ni pé ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé aago ti ń lọ.

Ọ̀nà àbáyọ: sábẹ́ soft ni kẹ́ ẹ padà sí, kì í ṣe sábẹ́ hard. Ká ní soft yín jẹ́ 10 GB, hard jẹ́ 12 GB, tẹ́ ẹ sì ti lo 10.4 GB, tẹ́ ẹ bá pa 100 MB rẹ́ kò ní yí nǹkan kan padà, àfi kẹ́ ẹ pa ohun tó ju 0.4 GB lọ. Bẹ́ ẹ bá ti bọ́ sábẹ́ rẹ̀ báyìí, aago yẹn á parẹ́, tẹ́ ẹ bá tún kọjá lọ́jọ́ míì, ó máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni. Tí kò bá ṣeé ṣe fún yín láti pa nǹkan kan rẹ́ lónìí, admin lè fún ẹ̀yin nìkan ní ọjọ́ mẹ́ta sí i báyìí, ìṣẹ́jú àáyá ló fi ń kà á:

```
setquota -u -T oruko 259200 259200 /home
```

Kó má lo edquota -t fún ìyẹn, gbogbo èèyàn tó wà lórí filesystem yẹn ló ń yí tiwọn padà.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo ń bójú tó sáfà níbi iṣẹ́ wa. Mo fi usrquota sínú fstab (fáìlì tó ń sọ bí ẹ̀rọ á ṣe so dísíìkì mọ́ra), quotacheck ṣiṣẹ́, àmọ́ quotaon ń sọ pé "No such process". Sáfà kejì tó ń lo XFS, irú filesystem míì, tún burú jù, mo remount ẹ̀ pẹ̀lú uquota, kò sí àṣìṣe, kò sì sí kóòtà.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. "No such process" yẹn ti da ọ̀pọ̀ admin láàmú, torí kò sí prógíráàmù kankan tẹ́ ẹ máa wá rí. Ohun tó ń sọ ni pé kernel yín (ọkàn Linux) ò ní móédù tó lè ka irú fáìlì kóòtà yẹn. Ẹ tẹ modprobe quota_v2. Tó bá wọlé, ẹ tún quotaon tẹ̀. Tó bá ní òun ò rí i, ó jọ pé ẹ̀rọ virtual ni ti yín, àwọn kernel tí wọ́n fi ń ṣe é máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n ti gé nǹkan kúrò lára ẹ̀, lórí Ubuntu package tẹ́ ẹ máa fi kún un ni linux-modules-extra, kí ẹ̀yà ẹ̀ bá ti uname -r mu rẹ́gí.

Bí gbogbo ẹ̀ ṣe tẹ̀ léra lórí ext4 (irú filesystem tó wọ́pọ̀ lórí Linux) nìyí, lẹ́yìn tí usrquota àti grpquota bá ti wà nínú fstab:

```
mount -o remount /home
quotacheck -cugm /home
quotaon -v /home
setquota -u oruko 5242880 6291456 0 0 /home
```

Ohun méjì ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún níbẹ̀. -c tó wà lára quotacheck, ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ló wà fún, torí kì í ka fáìlì kóòtà tó ti wà nílẹ̀, tẹ́ ẹ bá tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti fún àwọn èèyàn ní ààlà, gbogbo ààlà yẹn lẹ ti nù dànù. Ẹ sì kọ́kọ́ fi quotaoff pa á kẹ́ ẹ tó tún ìṣirò ṣe. Ìkejì, àwọn nọ́ńbà gbọọrọ yẹn, kilobáìtì ni setquota ń kà tẹ́ ò bá fi lẹ́tà kankan sí i, 5242880 ni 5 GB. Ẹni tó bá kọ 5000 tó rò pé MB lòun kọ, ohun tí ò tó 5 MB ló fún ọmọ ọlọ́mọ, kò sì ní pẹ́ tí tẹlifóònù ẹ̀ á fi máa dún.

Tẹ́ ẹ bá ráyè tú /home sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ fi tune2fs -O quota sí dísíìkì yẹn nígbà tí kò sí lórí mount. Ìyẹn á gbé ìṣirò kóòtà wọ inú ext4 fúnra rẹ̀, kò ní sí aquota.user (fáìlì kóòtà yẹn) tó lè bàjẹ́ mọ́, tíná bá lọ lójijì, wàhálà quotacheck ti dínkù. Ẹ ṣì fi usrquota sílẹ̀ nínú fstab o, torí ìkà nìkan ló máa ń bẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀, kí ààlà tó lè mú èèyàn, ẹ ní láti sọ fún un.

XFS ní tiẹ̀, remount ò lè tan kóòtà, bó ṣe rí nìyẹn, àfi kẹ́ ẹ umount kẹ́ ẹ tún un gbé sókè látìbẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ / fúnra rẹ̀ ni, fstab ò ní ràn yín lọ́wọ́, ẹ fi rootflags=uquota sí ìlà kernel nínú GRUB kẹ́ ẹ sì reboot. Ẹ ò nílò quotacheck níbẹ̀, XFS á ka gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà mount àkọ́kọ́ yẹn, tí fáìlì bá pọ̀ ẹ fún un láyè, ó máa pẹ́ díẹ̀. Èyí lẹ máa fi yẹ̀ ẹ́ wò:

```
xfs_quota -x -c 'state' /home
xfs_quota -x -c 'report -h' /home
```

Ìbéèrè: Òṣìṣẹ́ tuntun kan dé, àárọ̀ yìí ni mo ṣí àkáǹtì fún un. Kò tíì fi nǹkan kan síbẹ̀, repquota (kọmáńdì tó ń to ohun tí gbogbo èèyàn ti lò jáde) ti ní ó ti lo 4 GB. Báwo?

Ìdáhùn: UID ẹni tó ti lọ lẹ gbé fún un. Nígbà tẹ́ ẹ tẹ userdel -r fún ẹni àkọ́kọ́ yẹn, home rẹ̀ àti àpótí lẹ́tà rẹ̀ ló kúrò, àwọn fáìlì tó kó sí fóódà àjọṣe wà níbẹ̀ digbí. Fáìlì ò mọ orúkọ, nọ́ńbà ló mọ̀. Láàárín ìgbà tí kò sẹ́ni tó ń jẹ́ nọ́ńbà yẹn, nínú repquota ẹ máa rí i bíi #1007, bẹ́ ẹ sì ṣe tún nọ́ńbà yẹn gbé fún ẹlòmíì báyìí, ó jogún gbèsè. Kóòtà tiẹ̀ kéré nínú ẹ̀ o, ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni pé ẹni tuntun yìí ti lè ka fáìlì ẹni tó lọ, ó lè yí wọn padà, kódà àwọn tí wọ́n ti pa mọ́ fún gbogbo èèyàn. Ẹ ṣe é kíákíá:

```
find / -xdev -uid 1007 -ls
find /home -xdev -uid 1007 -ls
```

Ẹ chown àwọn tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ sí ẹlòmíì, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ yí ẹni tó ni wọ́n padà. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń chown ni kóòtà á máa kúrò lọ́rùn ẹnì kan bọ́ sọ́rùn ẹnì kejì. Kẹ́ ẹ mọ̀ náà pé ààlà kì í dá root dúró, tó bá jẹ́ root ló ń dá bákọ́ọ̀pù padà tàbí tó ń chown, ó lè ti èèyàn kọjá hard limit rẹ̀ láìsí àṣìṣe kankan. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ti lo 9 GB níbi tí hard limit ti jẹ́ 6 GB, kì í ṣe pé kóòtà ò ṣiṣẹ́, ẹ lọ wo ohun tí root ṣe. Látòní lọ, ẹ wá fáìlì ẹni tó ń lọ kẹ́ ẹ tó pa àkáǹtì rẹ̀ rẹ́.

Ìbéèrè: Home wa ń bọ̀ láti NFS (sáfà ló ń pín in fún wa lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì). Tí mo bá tẹ quota lórí kọ̀ǹpútà mi, kò sọ nǹkan kan rárá, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé ààlà wà.

Ìdáhùn: Sáfà ló ń mú yín, kọ̀ǹpútà yín ò mọ̀ sí i. Kí quota tó lè bá yín bèèrè, rpc.rquotad gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ lórí sáfà yẹn, kí firewall sì jẹ́ kẹ́ ẹ débẹ̀. Ẹ sọ fún admin. Kó tó dìgbà yẹn, tó bá gbà yín láyè, ẹ fi ssh wọ sáfà yẹn kẹ́ ẹ tẹ quota níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé ọ̀nà wà tí mo lè gbà mọ̀ pé ẹnì kan ti fẹ́ kún kó tó wá bá mi pẹ̀lú igbe? Ogójì èèyàn ni mò ń bójú tó.

Ìdáhùn: Ó wà. Ẹ máa tẹ repquota -as láràárọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan àmì méjì ló wà, èyí àkọ́kọ́ ti ààyè, èyí ìkejì ti iye fáìlì. "--" kò sí wàhálà, "+-" ààyè ti kọjá soft, "-+" fáìlì ló pọ̀ jù, "++" méjèèjì. Kẹ́ ẹ wá fi warnquota sínú cron (ohun tó ń ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀ lásìkò tẹ́ ẹ bá dá fún un) lójoojúmọ́, òun ló ń kọ imèèlì sí ẹni tó bá ti kọjá, inú /etc/warnquota.conf lẹ máa kọ ohun tí lẹ́tà yẹn máa sọ, ẹ kọ ọ́ lédè tí wọ́n gbọ́, kẹ́ ẹ sọ ibi tí wọ́n ti máa wo .cache àti Trash wọn. Ẹ fi orúkọ ara yín sí CC_TO nínú fáìlì yẹn, torí tí àpótí lẹ́tà bá wà lórí filesystem kan náà, ẹni tó ti kan hard limit ò ní rí lẹ́tà ìkìlọ̀ yẹn gbà, kóòtà á kọ̀ ọ́ padà. Kí soft àti hard má sì jẹ́ nọ́ńbà kan náà, torí tí wọ́n bá dọ́gba, kò sí àsìkò kankan tí warnquota máa rí láti fi kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni.